Awọ Tí Kò Gba Ìpara

3.

…tí ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu fọ́tò náà, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà lára rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá," ni ayàwòrán wí.

"Èmi kọ́."

Fọ́tò mẹ́rin, ojú kan ṣoṣo, fún fọ́ọ̀mù Mẹ́kà. Àníkẹ́ gbé wọn sún mọ́ fèrèsé, ó tún gbé wọn jìnnà. Lágúnjú ọkọ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ní Lágere, kí òórùn ara rẹ̀ má baà wọlé. Aláwọ ni. Ó ń jó awọ màlúù, ó ń ha á, ó ń sè é, kí ó tó di pọ̀nmọ́ nínú ìkòkò ẹlòmíràn.

"Kámẹ́rà ni kò dára," ni ó sọ láti ìta.

"Bàbá, kámẹ́rà kì í purọ́ o." Ayàwòrán rẹ́rìn-ín.

Lágúnjú gbé ẹ̀rín yẹn délé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.


4.

Láti inú ìwé eléwé-ogójì tó wà lábẹ́ ẹní Lágúnjú. Lára èèpo rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí pé: OHUN TÍ MI Ò GBÀGBÉ.

1. Tíṣà Adéolúwa. Pírámárì kẹrin. Ó ní irun màlúù ń rùn lára mi, kí n lọ jókòó síta. Mo lọ síta. Mi ò padà wọlé mọ́ títí di òní.

9. Ìyá kan ní Ìrémọ tó bo imú nígbà tí mo gbé awọ kọjá. Ní ọjọ́ kejì, mo rí i tó ń yan pọ̀nmọ́ lórí àtẹ. Èyí tó nípọn ló ń yàn.

17. Ọlábísí, àbúrò ìyàwó mi. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ tí Hakeem ọmọ mi bí, ní agbo ilé wọn, lójú gbogbo ẹbí. Ó ní: "Ẹ wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá Hakeem ti jó o tán, ó ku kí ó ha á."

18. Gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín. (Orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé.)

62. Ayàwòrán Lágere.

Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín 17 àti 62.


5.

Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àníkẹ́ náà rẹ́rìn-ín.


6.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Awọ á dé láti odò ẹran ní tútù. Ẹ̀jẹ̀ á wà lára rẹ̀, ìgbẹ́ á ti gbẹ mọ́ irun ibi ìrù. Èèyàn méjì ni yóò dì í mú lórí iná, ẹni kan níhìn-ín, ẹni kan lọ́hùn-ún, nítorí ó wúwo, àti nítorí pé bí iná bá ti kàn án, ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ohun tó ṣì wà láàyè. Irun á jó. Ọ̀rá á máa kán sínú iná, iná á máa fò. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná, kí èérí dúdú lè rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀bẹ. A kì í fi ọ̀bẹ tó mú ha awọ. Èyí tó ti kú díẹ̀ ni, a ó sì dà á dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, kí awọ má baà ya.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Àníkẹ́ fi jẹ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ògiri kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó lè yí ara padà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀ ló máa ń kọ sí iná. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jẹ́ ti obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ́ ti ìyá tó bí obìnrin náà.


7.

ÌKÌLỌ̀   ÌKÌLỌ̀   ÌKÌLỌ̀
Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ aláwọ
A KÒ GBỌDỌ̀ FI TÁYÀ JÓ AWỌ MỌ́
Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn. Igi nìkan.
Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, a ó gba ọ̀bẹ rẹ̀.
Alága ló fọwọ́ sí i.

Kí ìkìlọ̀ yìí tó jáde, Lágúnjú ti fi táyà jó awọ fún ọdún mẹ́jọ. Itọ́ dúdú ni òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń tu ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n a máa fi ṣe eré, ta ni tirẹ̀ dúdú jù.

Àníkẹ́ ló máa ń borí.


8.

Lórí fóònù Àníkẹ́. Ọlábísí ló fi ránṣẹ́, sí òun àti sí gbogbo ẹni tó mọ̀:

✨✨ *ARA Ọ̀TUN KỌ́LÁJÌN* ✨✨
Ṣé ojú yín ti ń hunjọ? Ṣé ọrùn yín ti dà bí ọrùn tòlótòló?
Ẹ MÁ FI PA Á. Ẹ MU Ú!!!
Ìpara kì í wọlé, òde ló ń dúró sí. Kọ́lájìn mímu ń ti INÚ ṣiṣẹ́ bọ̀ wá sí ÒDE.
Ṣíbí kan láràárọ̀. Oṣù mẹ́ta péré. Ojú á NÀ, èékánná á LE, orúnkún á RỌ̀.
Kò lóòórùn. Kò ládùn. Ẹ pò ó mọ́ ohun tó bá wù yín.
Mayfair la wà, à ń gbé e wá bá yín nílé.
*Sí ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n: tiyín ti wà nílẹ̀ o. Ẹ̀bùn ni* ❤️


9.

Lágúnjú kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn. Ẹni tó ń tà á ló mọ̀. Ìyẹn ti tó o.


10.

Pálọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì.

LÁGÚNJÚ: Gbà.
ÀNÍKẸ́: Kí lèyí?
LÁGÚNJÚ: Kọ́lájìn. Ti pípa. Ojúlówó ni.
ÀNÍKẸ́: Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ ra ìpara?
LÁGÚNJÚ: Ojú ló ń dùn ọ́, ojú la ó fi nǹkan pa. Bí orúnkún bá ń dun èèyàn, ṣé inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń da róòbù sí?
ÀNÍKẸ́: (ẹ̀rín) Ọlábísí ní kì í wọlé.
LÁGÚNJÚ: Ẹni yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀?
ÀNÍKẸ́: Ó lórúkọ, Bàbá Hakeem.
LÁGÚNJÚ: Èmi ò bèèrè orúkọ.
ÀNÍKẸ́: Háà! Àwàdà ọdún mọ́kànlá! Ẹ ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí orógbó.
LÁGÚNJÚ: Fi pa ojú.
ÀNÍKẸ́: Màá fi pa á. Màá sì mu ti àbúrò mi.
LÁGÚNJÚ: Bí ojú bá wá dára, báwo la ó ṣe mọ èyí tó ṣe é?
ÀNÍKẸ́: Kí ojú ṣáà dára ná.


11.

Ohun tí ọwọ́ Lágúnjú mọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ sọ:

pé awọ kì í gba ohun tí a bá fi pa á láti òde. Bó bá ń gbà á ni, màlúù tí òjò ń pa láti ọdún dé ọdún ì bá ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ.

pé òróró tí a fi pa awọ, lórí ni yóò wà títí ìdọ̀tí á fi lẹ̀ mọ́ ọn.

pé Ọlábísí sọ òótọ́ nípa ìpara.


12.

Ó gé awọ méjì, èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé wọn sórí páànù lẹ́yìn ilé. Ìwé rẹ̀ nìyí:

ÌDÁNWÒ. Awọ kìíní, ìpara láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Awọ kejì, inú omi kọ́lájìn mímu (ṣíbí kan, mo jí i bù).
Ọjọ́ 1. Ìkíní ń dán. Ìkejì rì.
Ọjọ́ 2. Ìkíní ń dán. Ìkejì rọ̀ díẹ̀.
Ọjọ́ 3. Ìkíní ń rùn bí òdòdó. Ìkejì ń rùn bí awọ.
Ọjọ́ 4. Eṣinṣin lórí méjèèjì. Ti ìkejì pọ̀ jù.
Ọjọ́ 5. Nǹkan funfun hù lórí ìkíní bí irun àgbà. Ìkejì ń yọ̀.
Ọjọ́ 6. Ajá aládùúgbò gbé ìkejì jẹ. Ó lá omi rẹ̀.
Ọjọ́ 7. Ajá padà wá. Ó ń wá sí i.
ÀBÁJÁDE: Ìpara ló borí.

Lẹ́yìn tó kọ ìyẹn tán, ó fi ọ̀bẹ la awọ kìíní sí méjì. Òkè rẹ̀ ń dán. Inú rẹ̀ gbẹ bó ṣe wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó jù ú sí ajá. Ajá fi imú kàn án, ó kọ̀ ọ́.


13.

"Mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́."

Àníkẹ́ ti pọ̀nmọ́ inú abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rọra ṣe é, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó ń rùn sí mi, Bàbá Hakeem. Ìgbà tí mo bá ti rí i báyìí, ojú mi ni mò ń rí."

Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èébú ni, ì bá ní nọ́ńbà.


14.

Kẹ́mísì kan ní Mayfair. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kẹwàá. Ọmọbìnrin tó ni ibẹ̀ ń jẹ́ Ẹniolúwa. Lágúnjú kò jókòó nígbà tó fún un ní àga.

LÁGÚNJÚ: Kí ni kọ́lájìn?
ẸNIOLÚWA: Okùn tó di awọ ara mú ni, Bàbá. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, ó ń já díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń hunjọ.
LÁGÚNJÚ: Ti pípa àti ti mímu, èwo ló ń ṣiṣẹ́?
ẸNIOLÚWA: Ti pípa kò lè wọlé, èròjà rẹ̀ tóbi jù. Ó kàn máa ń jẹ́ kí òde ara tutù ni. Ti mímu, inú á lọ̀ ọ́ bí ẹran. Àwọn kan ṣèwádìí, wọ́n ní ó ń ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó sanwó ìwádìí yẹn, àwọn tó ń tà á pọ̀ níbẹ̀.
LÁGÚNJÚ: Irọ́ ni méjèèjì nígbà náà.
ẸNIOLÚWA: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, Bàbá. Díẹ̀ ni mo wí.
LÁGÚNJÚ: Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?
ẸNIOLÚWA: Egungun. Ìpẹ́ ẹja. Awọ màlúù.
LÁGÚNJÚ: Awọ kí ni?
ẸNIOLÚWA: Ti màlúù. Wọ́n á sè é títí á fi yọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná.
LÁGÚNJÚ: Pọ̀nmọ́!
ẸNIOLÚWA: (ẹ̀rín) Ká kúkú pè é ní àbúrò pọ̀nmọ́ tó lọ sí òkè òkun.

Lágúnjú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àníkẹ́ tó ń bo imú sí awọ inú abọ́, awọ inú agolo ló ń fi omi mu! Ó di kọ́ńtà mú kí ó má ṣubú.

ẸNIOLÚWA: Tàbí awọ ẹlẹ́dẹ̀. Ó kù sí ọwọ́ ohun tí wọ́n bá kọ sára agolo. Ṣùgbọ́n kí ló tiẹ̀ ń ba ojú Màmá jẹ́ gan-an, Bàbá? Ṣé inú oòrùn ni wọ́n máa ń wà? Àbí ìdí iná?

Ẹ̀rín náà dúró. Ẹlẹ́dẹ̀ ló dá a dúró ni, àbí iná? Lágúnjú kó ọwọ́ kúrò lórí kọ́ńtà. Ó jáde láìkí ọmọ ọlọ́mọ pé ó dàbọ̀.


15.

Ìwé tí Ọlábísí lẹ̀ mọ́ agolo náà, tirẹ̀ ni. Òun ló tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àwòrán obìnrin aláwọ̀ dídán kan. Ìwé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Lágúnjú fi èékánná kàn án, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti ń ha nǹkan láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ ibi tí ìpele kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Àníkẹ́ wà ní ọjà. Ó gbé omi kaná. Ó da aṣọ tó tutù bo agolo náà, ó jẹ́ kí ooru wọ̀ ọ́. Ó mú ọ̀bẹ tó ti kú. Ó dà á dùbúlẹ̀.

Obìnrin aláwọ̀ dídán ká kúrò láti etí, odindi, kò ya rárá.

Òyìnbó ló wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin iná orí. Ó wá ìlà tí kọ́lájìn wà, nítorí ó ti mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí. Ó da ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kọ sínú ìwé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ahọ́n tó yọ síta:

P   O   R   C   I   N   E

Ó fi ògì tútù lẹ obìnrin náà padà sí àyè rẹ̀.


16.

Kẹ́mísì kan náà. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá. Ó ti kọ déètì náà sí orí ìwé kí ó tó kúrò nílé, 9 – 10, ní apá ọ̀tún lókè, bí Tíṣà Adéolúwa ṣe kọ́ ọ kí ó tó lé e síta.

ẸNIOLÚWA: Bàbá… Mùsùlùmí ni yín?
LÁGÚNJÚ: Sọ ohun tó jẹ́.
ẸNIOLÚWA: Ẹlẹ́dẹ̀ ni.
LÁGÚNJÚ: Ó dá ọ lójú?
ẸNIOLÚWA: Ó dá mi lójú. Ta ló ń mu ún?
LÁGÚNJÚ: Ẹnì kan.
ẸNIOLÚWA: Ẹ sọ fún ẹni náà lónìí. Ẹ máà jẹ́ kó di ọ̀la.
LÁGÚNJÚ: Bá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Fọwọ́ sí i.
ẸNIOLÚWA: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?
LÁGÚNJÚ: Ìpàdé ẹbí kan ń bọ̀. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
ẸNIOLÚWA: Ẹni náà á ṣì máa mu ún títí di ìgbà yẹn?
LÁGÚNJÚ: (ó tún ti ìwé náà sún mọ́ ọn) Fọwọ́ sí i.
ẸNIOLÚWA: Bàbá?

Ẹniolúwa kò fọwọ́ sí nǹkan kan fún un.


17.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà, nítorí kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Agbo ilé kan náà. Ojú ẹbí kan náà, àwọn tí orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé. Yóò dìde, yóò gbé agolo sókè, yóò ká obìnrin aláwọ̀ dídán kúrò níwájú wọn, yóò sì ní: *Èmi ni mo jó ojú ẹ̀gbọ́n rẹ, àbí? Ìwọ ńkọ́, tí o da ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀?* Akínkúnlé ọkọ Ọlábísí, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ọmọ ìjọ tó ń jẹ ohun tó bá wù ú, á tẹ orí kọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Ẹni tó ti dúró fún ọdún mọ́kànlá.


18.

Agolo náà wà lórí tábìlì ìdáná. Ó ṣí i, ó fi imú sí i. Kò rùn.

Awọ tirẹ̀ ń rùn. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń bọ̀. Ó ń rùn nítorí ó jẹ́ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí, awọ ẹran tí ń fi imú tú ààtàn, tí wọ́n sè títí ó fi gbàgbé ara rẹ̀, ó funfun báláú, ó kúnná lúbúlúbú, kò sì lóòórùn kankan. Itọ́ kún Lágúnjú lẹ́nu. Ó lọ tu ú síta. Ó tún kún.


19.

Àtẹ̀ránṣẹ́ sí Ọlábísí.

Àkọ́kọ́: *O fi ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ.* Ó pa á rẹ́. Ó yá jù.

Ìkejì: *Kí ló wà lábẹ́ ìwé tí o lẹ̀ mọ́ agolo?* Ó pa á rẹ́. Á fún un láyè láti wá irọ́ tó bá a mu.

Ìkẹta: *A o pade ni ipade.* Ó fi èyí ránṣẹ́.

Èsì: *Háà, Ẹ̀gbọ́n!! Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi? Mo sunkún díẹ̀ o, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni 😭🙏 Màá wá fi mọ́tò gbé yín lọ. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé gbogbo ẹ̀.*


20.

JÍMỌ̀. Àníkẹ́ mu ún.
SÁTIDÉ. Ó mu ún.
SỌ́ŃDÈ. Ó mu ún, ó lọ sí àsáláátù pẹ̀lú ẹnu náà.
AJÉ. Lágúnjú jáde kí Àníkẹ́ tó gbé ife sẹ́nu.
ÌṢẸ́GUN. Lágúnjú dúró wò ó. Ọ̀fun Àníkẹ́ lọ sókè, ó bọ̀ wá sílẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ ń wò?" Lágúnjú ní, "Kò sí."
ÀLÀRÙBÁ. Ó mu ún. Ààfáà kan ń wàásù lórí rédíò: "Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìmọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀." Lágúnjú fi ọ̀bẹ sílẹ̀, kí ó gbọ́ ti ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́. Iná lọ.
ỌJỌ́BỌ̀. Ó mu ún. Orúnkún Lágúnjú kò dùn ún nígbà ìforíkanlẹ̀. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó ti rọlẹ̀. Ó dúpẹ́.
JÍMỌ̀.


21.

Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Àníkẹ́ jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ó ń ṣa ìrẹsì, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù kí ó lè fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Lágúnjú wà lẹ́yìn ògiri, awọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Ọlábísí mi. Oníkọ́lájìn. (ẹ̀rín) Gbọ́ ná, nǹkan ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán o. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó tètè tán bẹ́ẹ̀. Má wí fún ẹnikẹ́ni: mò ń bu ṣíbí kan sínú ògì Bàbá Hakeem láràárọ̀, láti ọjọ́ tí o ti gbé e wá. Nítorí orúnkún rẹ̀. Kò mọ̀. O mọ agídí rẹ̀, bó bá mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló ti wá, á kúkú yarọ. Ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ kírun báyìí bí ọmọdé, mo máa ń ti ẹ̀yìn wò ó, inú mi á máa dùn. Ojú tèmi… ojú tèmi, èmi náà mọ̀. Iná ló mú un lọ. Kò sí agolo tó máa gbà á padà lọ́wọ́ iná. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ṣùgbọ́n orúnkún ọkọ mi, ó ṣe é o. Bá mi mú méjì wá lọ́la. Ó dàárọ̀."

Ó fọ́n èèpo ìrẹsì dànù.


22.

Ó bì.


23.

Inú omi tí wọ́n fi ń fọ awọ ló bì sí, láàárín irun tó jóná àti èérí dúdú. Ògì funfun ló jáde, ó léfòó. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó fi imú sí i. Òórùn irun ló gbọ́, òórùn ọ̀rá, òórùn èéfín, gbogbo òórùn tó mọ̀. Èyí tó ń wá kò sí níbẹ̀.

Ó ti ìka bọ ọ̀fun. Ó tún bì. Ó kúnlẹ̀ kí ó lè bì dáadáa, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀ wẹ́rẹ́, láìdùn ún. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó bì lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìmọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ní mímọ̀.

Tàbí, nígbà tí kò mọ̀ pé ó wà nínú ògì tòun, ṣé a lè ní kò mọ̀? Ó mọ ohun tó wà nínú agolo. Ó mọ ẹni tó ń ṣí i. Bó bá ti sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ní ẹnu ọ̀nà, kó tó bọ́ bàtà…

"Bàbá Hakeem? Ẹ̀yin lẹ ń húkọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èéfín ni."

"Ẹ rọra o."


24.

63. Abdulwaheed Lágúnjú. Ilé ara rẹ̀. Ó


25.

Sátidé. Aago mẹ́jọ kù díẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ìpàdé.

Ó ti wọ bùbá tó fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí òórùn. Ìwé tó ká sí mẹ́rin wà nínú àpò rẹ̀. PORCINE. 9 – 10. Bó bá fi ọ̀rọ̀ náà hàn Àníkẹ́, á rí déètì náà. Bó bá ya déètì náà kúrò, á béèrè ọjọ́ tó mọ̀. Àníkẹ́ kàwé jù ú lọ. Ó máa ń béèrè nǹkan.

Àníkẹ́ gbé ògì wá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ṣíbí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ife tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì mu ún. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀ sí i.

"Ẹ wò mí. Òótọ́ ni kí ẹ sọ. Ṣé ó ti yí padà?"

Ó wò ó. Kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà táyà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ìdí, ó sì mọ ìdí kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bà á.

"Ó ń dán," ni ó wí.

"Ìpara yín nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín. "Tàbúrò mi ń bọ̀ láti inú. Ẹ mu ògì yín kó tó tutù."

Ògì náà ti ń tutù. Ó ti mú awọ lójú, awọ fẹ́lẹ́ kan, ó hunjọ díẹ̀ láti etí abọ́. Lágúnjú mú ṣíbí. Ó dà á dùbúlẹ̀. Ó ká awọ náà láti etí kan, ó sì tẹ̀ lé e, odindi, kò ya.

Mọ́tò fọn fèrè níta. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o, ọwọ́ mi méjèèjì kún!"

Àníkẹ́ gbé ife rẹ̀ dání, ó dìde.

"Àníkẹ́."

"Ẹ̀n?"

"Gbé ife yẹn kalẹ̀. Jókòó ná."

Ó jókòó. Kò tíì gbé ife kalẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, èyí tó ti wọ inú àpò.

"Bàbá Hakeem, kí ló dé?"

Ọlábísí tún kan ilẹ̀kùn. Ó ń rẹ́rìn-ín.


26.